"Ajá, ológbò tàbí ẹranko mìíràn": báwo ni adájọ́ ṣe ń túmọ̀ irú gbólóhùn báyìí?

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan rèé tó ń da àwa akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Abala òfin tí wọ́n ní ká túmọ̀ nìyí:

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ajá, ológbò tàbí ẹranko mìíràn wọ inú ilé tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò san owó ìtanràn."

Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹni àkọ́kọ́ gbé odídẹrẹ́ wọlé nínú àgò. Ẹnì kejì kò ríran, ajá tó ń tọ́ ọ sọ́nà ló mú wọlé. Ẹnì kẹta ló ni ilé ìtajà náà: ológbò kan wọlé fúnra rẹ̀, ó bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ ológbò wá ń sáré kiri. Ẹnì kẹrin gbé ẹja ààyè wá fún títà nínú ike omi.

Mo mọ ìlànà mẹ́ta tó wà nínú ìwé: ìlànà ojú ọ̀rọ̀ (ká ka ọ̀rọ̀ òfin bó ṣe wà gẹ́lẹ́), ìlànà wúrà (ká yẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí ojú ọ̀rọ̀ bá yọrí sí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu), àti ìlànà àléébù (ká wo àléébù tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe òfin). Ohun tí kò yé mi ni bí adájọ́ ṣe ń mọ èyí tó máa lò. Àbí èyí tó bá ti wù ú ló kàn ń mú?

Bàbá_Agbẹjọ́rò

Bí wọ́n ṣe ń to ìlànà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn sínú ìwé bí irinṣẹ́ inú àpótí ló ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ẹ wá wo Lord Parker, tó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ ní England nígbà náà. Ní 1960, wọ́n gbé ẹjọ́ Smith v Hughes wá síwájú rẹ̀. Òfin ọdún 1959 sọ pé aṣẹ́wó kò gbọdọ̀ máa pe oníbàárà "ní òpópónà". Àwọn obìnrin tí wọ́n mú kò sí ní òpópónà. Inú ilé ni wọ́n wà, lórí báákónì àti lẹ́yìn fèrèsé, tí wọ́n ń kan gíláàsì pe àwọn ọkùnrin tó ń kọjá. Lord Parker ní wọ́n jẹ̀bi, nítorí ohun tí òfin náà ń wá ni kí èèyàn lè rìn ní títì láìsí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù kọkànlá, Fisher v Bell dé. Onísọ́ọ̀bù kan gbé ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ ń fò yọ sí fèrèsé, ó sì lẹ iye owó mọ́ ọn. Òfin ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tà á tàbí "fi í lọ̀ fún títà". Lórí èyí, Lord Parker dá a láre. Nígbà tó di 1964, nínú Adler v George, òfin sọ pé èèyàn kò gbọdọ̀ dí ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ "ní ìtòsí" ibùdó ológun. Olùjẹ́jọ́ ní inú ibùdó gan-an lòun wà, òun ò sí ní ìtòsí rẹ̀. Lord Parker kan náà ní ìyẹn kò bọ́gbọ́n mu, ká kà á bíi "nínú tàbí ní ìtòsí".

Adájọ́ kan ṣoṣo, ìlànà mẹ́ta: àléébù nínú Smith, ojú ọ̀rọ̀ nínú Fisher, wúrà nínú Adler. Agẹmọ kọ́ ni bàbá náà. Ohun tó yàtọ̀ ni àyè tí ọ̀rọ̀ inú òfin kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀. Nínú Smith v Hughes, òfin kò sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ wà ní òpópónà, bóyá ẹni tó ń pè ni o, bóyá ẹni tí wọ́n ń pè ni o. Àyè wà níbẹ̀. Nínú Fisher v Bell, "fi lọ̀" ti ní ìtumọ̀ kan pàtó nínú òfin àdéhùn tipẹ́: ẹni tó gbé ọjà sí fèrèsé kàn ń pe oníbàárà kó wá dúnàádúrà ni, oníbàárà ló ń fi owó lọ̀ ọ́. Èyí tó tún wúwo jù, nínú àwọn òfin mìíràn, nígbà tí ilé aṣòfin bá fẹ́ mú ẹni tó pàtẹ ọjà, ńṣe ni wọ́n máa ń kọ pípàtẹ mọ́ ọn. Wọn ò kọ ọ́ sínú èyí. Lord Parker fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ ka ìwé ẹjọ́ náà, ó jọ òun bí ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ láti sọ pé kò fi í lọ̀ fún títà. Síbẹ̀, ó ní àtúnṣe kì í ṣe iṣẹ́ òun. Ní 1961 ilé aṣòfin dí ihò náà.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlànà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn, kí ẹ máa bi í ní ìbéèrè báyìí:

1. Kí ni ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀? "Mú... wọ inú." Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sáré lọ sórí "ẹranko", wọn ò ní ríbi tí ẹjọ́ ẹnì kẹta ti parí. Ológbò tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, kò sẹ́ni tó mú un wọlé. Àwọn ọmọ tó bí síbẹ̀ kò tíì jáde rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n wọlé. Bí òfin bá kọ "mú wọ inú tàbí jẹ́ kó wà nínú", ẹjọ́ á yí padà. Kò kọ ọ́.

2. Ṣé abala ìtumọ̀ wà? Iwájú òfin tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ló sábà máa ń wà. Ẹ fojú sílẹ̀ wò ó bóyá "túmọ̀ sí" ni wọ́n kọ tàbí "wà lára". "Ẹranko túmọ̀ sí ohun abẹ̀mí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin" ti ìlẹ̀kùn pa. "Ẹyẹ wà lára ẹranko" ṣí i sílẹ̀, ó kàn fi ẹyẹ kún ìtumọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni.

3. Bí kò bá sí, kí ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́nu ará ìlú nígbà tí wọ́n ṣe òfin? Adájọ́ lè ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, àmọ́ ìwé yẹn á kàn ka gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ *lè* jẹ́ ni. Ohun tó *jẹ́* níbí yìí kọ́ ló ń sọ.

Lórí odídẹrẹ́, ẹ kíyè sí i pé èdè wa gan-an lẹ́jọ́ tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun rí ẹranko nínú igbó, ẹyẹ kọ́ ló máa wá sọ́kàn yín. Ẹja kò tilẹ̀ ní wá sọ́kàn yín rárá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì á ní gbogbo wọn ni ẹranko. Bí òfin kò bá ṣe ti iṣẹ́ ìmọ̀ kan pàtó, ẹnu ará ìlú ni adájọ́ máa ń tẹ̀ lé.

Akọ̀wé_Òfin

Bàbá ti sọ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún "tàbí ẹranko mìíràn", torí ibẹ̀ ni máàkì ìbéèrè yìí pọ̀ sí.

Ìlànà tí wọ́n ń pè ní *ejusdem generis* ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: bí òfin bá dárúkọ nǹkan kan, òmíràn tẹ̀ lé e, tó wá fi "àti irú nǹkan mìíràn" parí rẹ̀, "mìíràn" yẹn kò kúrò nínú ẹ̀yà àwọn tó ṣáájú. Nínú Powell v Kempton Park, 1899, òfin ka ilé, ọ́fíìsì, yàrá "tàbí ibòmíràn" léèwọ̀ fún títa tẹ́tẹ́. Gbàgede tí kò lórùlé ni ti olùjẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ ní ibi tó lórùlé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣáájú, gbàgede kò sí lára wọn.

Ó rọrùn láti kà, ó le láti lò. Ẹ̀yà wo ni ajá àti ológbò? Ṣé ẹran ọ̀sìn inú ilé ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, odídẹrẹ́ wọ inú rẹ̀, màlúù jáde. Ṣé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni? Màlúù wọlé, odídẹrẹ́ jáde. Ṣé ohun tó ń da irun, ìyẹ́ tàbí ìgbẹ́ sínú oúnjẹ ni? Àwọn méjèèjì wọlé. Ìlànà náà kì í yan ẹ̀yà fún èèyàn. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe òfin ló ń yàn án. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "nípa ejusdem generis, odídẹrẹ́ kò sí lára rẹ̀" láìsọ ẹ̀yà tó mú àti ìdí tó fi mú un, kò tíì dáhùn nǹkan kan.

Fún ẹja inú ike, Yates v United States ni kí ẹ kà, ẹjọ́ Amẹ́ríkà ti 2015. Apẹja kan mú ẹja tí kò tó ínǹsì 20 tí òfin fẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba wọn ọ́n, 72 ni kò pé ìwọ̀n, ó ní kó gbé wọn dé èbúté. Ẹ̀sùn náà ni pé apẹja ní kí wọ́n da ẹja yẹn sómi kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Òfin tí wọ́n fi mú un ka pípa "àkọsílẹ̀, ìwé, tàbí ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn" run léèwọ̀, ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ sì lè tó 20 ọdún. Ẹja ṣeé fọwọ́ kàn, àbí kò ṣeé fọwọ́ kàn? Síbẹ̀, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní kò sí lára rẹ̀. Ọdún 2002, lẹ́yìn màgòmágó ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ Enron, ni wọ́n ṣe òfin náà. Àkọsílẹ̀ àti ìwé ló jókòó ti "ohun", nítorí náà ohun tí wọ́n fi ń kọ tàbí tọ́jú ìsọfúnni ni. Àwọn mẹ́rin yòókù kò gbà rárá: wọ́n ní bí òfin bá fẹ́ kó fẹ̀, ẹ jẹ́ kó fẹ̀.

Ní ti ẹni tó gbé ẹja wá tà, ìdáhùn tó lágbára jù ni ti àbájáde. Bí ẹja ààyè bá jẹ́ "ẹranko mìíràn", ilé tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kò ní lè gba ọjà tó fẹ́ tà wọlé. Òfin tí wọ́n ṣe fún ààbò oúnjẹ á wá máa lé oúnjẹ jáde.

Ohun kan tí mi ò fara mọ́ nínú ọ̀rọ̀ bàbá: ìlànà ejusdem kì í rọrùn bó bá jẹ́ nǹkan méjì péré ló ṣáájú. Ajá àti ológbò kéré láti fi ṣe ẹ̀yà. Adájọ́ mìíràn á kàn ní "ẹranko mìíràn" ni ẹranko mìíràn, ó parí.

Bàbá_Agbẹjọ́rò

@Akọ̀wé_Òfin, mi ò dárúkọ ejusdem o, ẹ̀yin lẹ mú un wá 😄. Àmọ́ òótọ́ ni, méjì kò pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò tó rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ "ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe òfin". Níbo gan-an ni adájọ́ ti ń rí i? Ṣé ó lè lọ ka ọ̀rọ̀ tí mínísítà sọ nílé aṣòfin? Ẹ jọ̀ọ́, kí sì ni kí n kọ fún ẹni tí kò ríran?

Akọ̀wé_Òfin

Inú òfin fúnra rẹ̀ lẹ ti máa kọ́kọ́ wá a: àkọlé gígùn tó wà lókè, ọ̀rọ̀ ìṣáájú bó bá ní, àkọlé ìpín, àwọn abala tó yí i ká, iye ìjìyà ibẹ̀. Ìjìyà máa ń sọ̀rọ̀. Ìdí kan tí ẹja fi bọ́ nínú Yates nìyẹn: 20 ọdún fún ẹja kò bára mu.

Lẹ́yìn náà, ìbéèrè mẹ́rin tí àwọn adájọ́ to kalẹ̀ nínú Heydon's Case ní 1584, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ni òfin wí kí wọ́n tó ṣe tuntun? Àléébù wo ni ti àtijọ́ kò wò sàn? Oògùn wo ni ilé aṣòfin yàn? Kí ni ìdí gan-an tí wọ́n fi yan oògùn yẹn? Ìbéèrè kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò. Rírí àléébù kò fún adájọ́ láyè láti po oògùn tirẹ̀, èyí tí ilé aṣòfin yàn ni kó lò, bí ò tilẹ̀ tó. Fisher v Bell nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mínísítà: fún ìgbà pípẹ́, ilé ẹjọ́ England kì í wò ó rárá. Pepper v Hart ló yí i padà. Ó ní wọ́n lè wò ó bí nǹkan mẹ́ta bá pé. Ọ̀rọ̀ òfin gbọ́dọ̀ rú ni lójú tàbí kó yọrí sí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mínísítà tàbí ẹni tó gbé àbá òfin náà wá. Ohun tó sọ sì gbọ́dọ̀ ṣe kedere. Lójú tèmi, ẹni tó bá tètè sáré débẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu mínísítà kọ́ ni wọ́n dìbò fún, ohun tó wà lójú ìwé ni.

Kọ́mà_Lọ́rọ̀_Wà

Ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ díẹ̀, torí ẹ̀yin àgbà ti gbàgbé àwọn nǹkan kéékèèké tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù.

Kọ́mà. Òfin ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà to àwọn iṣẹ́ tí wọn kì í san owó àfikún àsìkò lé lórí. Ó ka sísè sínú agolo, gbígbẹ, títọ́jú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó wá parí sí "dídì fún fífiránṣẹ́ tàbí pínpín". Kò sí kọ́mà ṣáájú "tàbí". Awakọ̀ tó ń pín wàrà kò di nǹkan kan. Ṣé pínpín dá dúró, àbí dídì ni, ìbáà jẹ́ dídì fún fífiránṣẹ́ tàbí dídì fún pínpín? Ìwé ìtọ́ni àwọn akọ̀wé òfin Maine gan-an ló ní kí wọ́n má fi kọ́mà síbẹ̀, nítorí náà àìsí rẹ̀ kò lè fi nǹkan kan hàn. Ní 2017, ilé ẹjọ́ ní ó rú ni lójú, ó sì fún àwọn awakọ̀ láre, torí àǹfààní òṣìṣẹ́ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe òfin owó iṣẹ́. Wọ́n parí rẹ̀ ní mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ìpínlẹ̀ náà tún abala yẹn kọ.

Ìdá. Gbogbo wa mọ Awolowo v Shagari, 1979. Òfin ní ẹni tó máa wọlé ìbò ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀, ó kéré tán. Ìpínlẹ̀ jẹ́ 19. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìkẹtàlá, ó ní 243,423 nínú ìbò 1,220,763, ìyẹn 19.94 nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó 25. Àlàyé agbẹjọ́rò rẹ̀ ni pé ẹ mú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano, kí ẹ wá wá ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀: nǹkan bí 203,460. Ó kọjá ìyẹn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Shagari láre. Adájọ́ Kayode Eso yapa, ó ní odidi ni ìpínlẹ̀, kò ṣeé gé, 13 ló yẹ kó jẹ́. Gbólóhùn kan péré, "bí ìdá bá ṣẹ́ kù, ẹ sọ ọ́ di odidi", ì bá ti gba gbogbo àríyànjiyàn yẹn.

Ọjọ́. "Láàárín ọjọ́ 14 tí ìdájọ́ bá jáde." Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù. Ọ̀pọ̀ ibi kì í ka ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni ẹ máa fi ṣe ọ̀kan, ọjọ́ kẹtàdínlógún ló máa parí. Bí wọ́n bá kọ "ọjọ́ 14 gbáko kó tó di ìgbẹ́jọ́", ẹ yọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí: ọjọ́ kejìdínlógún ni ìgbẹ́jọ́ lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó sọ ẹ̀tọ́ wọn nù lórí èyí pọ̀ ju àwọn tó sọ ọ́ nù lórí ejusdem lọ.

Bàbá_Agbẹjọ́rò

Ìwọ @Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ríran ló le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Má jẹ́ kí àánú gbé ọ sáré. "Ajá" wà lójú ìwé gbangba. Kì í ṣe "ẹranko mìíràn" tí o lè fà gùn tàbí gé kúrú. Ìlànà wúrà máa ń gbani lọ́wọ́ ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, kì í gbani lọ́wọ́ ohun tó kàn le. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń da méjèèjì pọ̀.

Ọ̀nà tó wà rèé. Lọ́nà kìíní, wá òfin mìíràn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní òfin tó dá ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara mọ̀. Bí abala tiyín bá jẹ́ òfin ìjọba ìbílẹ̀, tí ti aláàbọ̀ ara sì wá láti ilé aṣòfin àgbà, ti òkè ló máa borí. Bí ipò wọn bá dọ́gba, èyí tó sọ̀rọ̀ lórí ohun pàtó máa ń borí èyí tó sọ ọ́ ní gbogboogbò, kódà bí ti gbogboogbò bá dé lẹ́yìn. Lọ́nà kejì, wo bóyá òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn pàṣẹ pé kí adájọ́ ka gbogbo òfin lọ́nà tó bá ẹ̀tọ́ mu. Ní UK, abala 3 òfin 1998 ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe. Nínú Ghaidan v Godin-Mendoza, 2004, òfin ilé rírẹ́ǹtì dáàbò bo ẹni tó bá ayálégbé gbé "bí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀". Ilé ẹjọ́ kà á kó kan ọkùnrin méjì tó jọ ń gbé. Ó fẹ̀ ju ohun tí ìlànà wúrà lè gbé lọ, àmọ́ kò lè lọ lòdì sí ohun tí òfin náà dúró lé.

Bí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, kọ ọ́ pé ó jẹ̀bi, kí o wá fi kún un pé adájọ́ lè dín owó ìtanràn kù dé ibi tí òfin bá gbà á láyè. Olùkọ́ tó dáa á fún ọ ní máàkì torí pé o mọ ibi tí iṣẹ́ adájọ́ parí sí.

Fún ẹni tó ni odídẹrẹ́, má gbàgbé pé ìjìyà wà nínú òfin yìí. Òfin tó ní ìjìyà, bí iyèméjì bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ti kà yìí, olùjẹ́jọ́ ló máa jàǹfààní rẹ̀. *Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀* ni mo wí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi èyí bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ ti gbé ẹ̀yìn ṣíwájú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Ó ti yé mi. Ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin kò jẹ̀bi, odídẹrẹ́ sì rọ̀ mọ́ ẹ̀yà tí mo bá yàn. Ajá ni màá ṣì lọ wá òfin aláàbọ̀ ara fún. Ẹ ṣeun, bàbá, àti ẹ̀yin yòókù.

Akọ̀wé_Òfin

Kó o tó kọ "ẹnì kẹta kò jẹ̀bi", tún ìbéèrè kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹni tó ni ilé bá gbé àwọn ọmọ ológbò yẹn jáde lọ gba abẹ́rẹ́, tó wá gbé wọn padà wọlé, "mú wọ inú" ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn.